Ta Ni Ń Jẹ Èrè Ewé Wa?

Ẹni tí ó bá kọjá ní Timber Market ní ìlú Accra yóò rí àwọn lẹ́kùlẹ́ja tí wọ́n to egbò, èèpo igi, ewé àti àìdan, tí àwọn ará Ghana ń pè ní prekese, sílẹ̀ bẹẹrẹ. Bí ó bá yà sí ilé ìtajà ńlá nínú ìlú kan náà, yóò rí àgúnmu mòríńgà àti ti atalẹ̀ nínú ike tí a lẹ ìwé aláràbarà mọ́. Oko kan náà ni méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n owó wọn kò dọ́gba rárá. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa bi ara wọn léèrè ni pé: ọwọ́ ta ni ìyàtọ̀ owó náà ń bọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí a fi kagya ṣe àpẹẹrẹ. Igi tí ń fà ni, inú igbó ìhà gúúsù Ghana ni ó ń hù sí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Griffonia simplicifolia. Àwọn ará abúlé ni ń ṣa èso rẹ̀. Wọn a tà á fún alájàpá, alájàpá a tà á fún àwọn tí ń kó ọjà lọ sí òkè òkun. Lọ́hùn-ún ni a ti ń fa èròjà 5-HTP jáde nínú rẹ̀, tí a ń rọ ọ́ sínú kápúsù, tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń rà á nítorí àìróorunsùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tí ẹ̀gún igbó gún kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń dá iye lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àìmọ̀kan àgbẹ̀ ni ó fà á. Àgbẹ̀ mọ ewé. Ohun èlò ni kò ní. Nínú ìwọ̀n 10 ewé mòríńgà tútù, ó lé ní 7 tí ó jẹ́ omi. A kò gbọdọ̀ sá a sínú oòrùn gangan, nítorí oòrùn a máa ba fítámì inú rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá sì gbẹ dáadáa kí a tó dì í, yóò bu, ohun tí à bá fi tọ́jú ara a sì di ohun tí ń ba ara jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni òfin wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta irú ọjà yìí fún ará ìlú gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, kò sì sí ìforúkọsílẹ̀ láìsí àyẹ̀wò. A kò bá òfin náà jà. Láti 1975 ni ìjọba ti dá ilé ìwádìí ewé àti egbò sílẹ̀ ní Mampong-Akuapem, tí Dókítà Oku Ampofo, oníṣègùn òyìnbó tí kò kẹ́gàn ìṣègùn àwọn baba rẹ̀, jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 2000, òfin 575 fìdí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni iye owó. Ká ní sídì 5,000 ni àyẹ̀wò àti ìforúkọsílẹ̀ yóò gbà. Àpẹẹrẹ lásán ni. Àgbẹ̀ kan tí ó ṣe ike 500 yóò gbé sídì 10 lé orí ike kọ̀ọ̀kan. Bí 20 àgbẹ̀ bá pawọ́ pọ̀ ṣe 10,000 ike àgúnmu kan náà, 50 pẹ́sẹ́wà péré ni yóò kan ike kan. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Àwọn kan ń wí pé kí ìjọba kúkú yọ àgbẹ̀ kékeré kúrò nínú àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ àánú ni, ṣùgbọ́n kò dára. Bí àgúnmu kan ṣoṣo bá pa ènìyàn lára, gbogbo ọjà àgbẹ̀ ni ará ìlú yóò sá fún, olówó ńlá ni yóò sì kó àwọn oníbàárà lọ.

Ìpawọ́pọ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ yìí. Ní 1937, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó mulẹ̀ lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó, àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ láti tà. Wọ́n dúró gbọn-in títí di oṣù April 1938, wọ́n sì dá àdéhùn náà dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe é kì í ṣe olówó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkínní, kí a kọ́ ilé ìsáwé àti ẹ̀rọ ìlọ̀ sí àwọn agbègbè tí ewé pọ̀ sí, kí ó sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀, kì í ṣe ti ìbátan olóṣèlú kankan. Èkejì, kí owó ìforúkọsílẹ̀ máa tẹ̀lé bí ọjà bá ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kí àyẹ̀wò wà bí ó ti wà. Ẹ̀kẹta, kí rédíò máa kéde iye tí a ń ta kagya ní èbúté, ní èdè tí ará abúlé gbọ́.

Ẹ̀yin ará wa Yorùbá ní Accra, ẹ kò gbàgbé November 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 láti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń gún ewé lẹ́yìnkùlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí àìníwèé tún bá ọjà yín jẹ́. Ẹ wá àgbẹ̀ tí ẹ ń ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan sì gbé ọ̀ràn yìí kalẹ̀ ní ìpàdé rẹ̀ tí ń bọ̀.