Ẹ Fún Wọn ní Kọ̀ǹgọ́

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí n lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń dùn mí lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá korò, ẹ má ṣe bínú sí mi. Orógbó korò, síbẹ̀ a ń fi í wúre.

Ọ̀rọ̀ mi dá lé ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn tí wọn kò gbọ́ Yorùbá láti kékeré ní bí a ti ń kọ̀wé ní èdè wa. Àwọn wo ni mo ń wí? Àwọn àlejò tí wọ́n ti òkè òkun wá ni, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tí a kò bí sí ilé Yorùbá, àti àwọn ọmọ Yorùbá gan-an tí òbí wọn fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́ dàgbà. Bí wọ́n bá ti mọ ìkíni díẹ̀ àti orúkọ nǹkan, ohun tí a máa ń gbé ka iwájú wọn ni pé: "Kọ àròkọ lórí àṣà ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá." Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ kọ́ ìfojúsóde, alárinà, ìjọ́hẹn, ìtọrọ àti ìdána sórí, yóò tò wọ́n sínú ìwé ní ẹsẹẹsẹ, olùkọ́ yóò sì fún un ní máàkì. Ogún akẹ́kọ̀ọ́, àròkọ kan ṣoṣo!

Èmi sọ pé èyí kì í ṣe kíkọ́ àṣà. Ó dà bí ìgbà tí oníṣòwò bá ń ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ó mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ nínú rẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo máa ń bá ọmọbìnrin kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí Yorùbá lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó mọ ètò ìgbéyàwó jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá tí ó gbà á sílé gbọ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ náà dúró bí igi. Kò mọ ohun tí yóò wí. Ó ti kọ àròkọ lórí ìsìnkú, ó sì gba máàkì rere níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tí ì ní kí ó to ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo dá a lábàá pé kí a pa àròkọ tì, kí a máa pa àlọ́. Mo pa bí àlọ́ àpamọ̀ mẹ́wàá fún un, mo wá ní kí òun náà ṣe tirẹ̀ láti inú ohun tí ó mọ̀ ní ìlú wọn. Ó ronú títí, ó ní: "Aṣọ funfun kan ti òkè balẹ̀, kò sí ẹni tí ó hun ún, oòrùn fọwọ́ kàn án, ó di omi. Kí ni o?" Òjò dídì ìlú wọn ni! Inú ìyá tí ó gbà á sílé dùn, ó sì ní kí ó tún òmíràn pa. Èdè wa ni ọmọ náà lò, ọgbọ́n wa ni ó fi to ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ara rẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní kíkọ́ àṣà.

Ṣé àwọn bàbá wa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni? A kì í ní kí ọmọ Àyàn kọ àròkọ lórí dùndún kí ó tó lù ú. Kọ̀ǹgọ́ ni a ń fi lé e lọ́wọ́. Yóò ṣì í lù, bàbá rẹ̀ yóò bá a wí, yóò tún un lù, títí ìlù yóò fi fọhùn.

Mo mọ èsì tí a óò fún mi. Àwọn kan yóò ní akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò tí ì mọ ohùn orí ọ̀rọ̀, àṣìṣe wọn yóò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò pọ̀. Ọmọbìnrin kan náà kọ ìtàn ìrìn-àjò, ó sì kà á sí wa létí pé, "Ọkọ mi bàjẹ́ lójú ọ̀nà." Ọkọ̀ ni ó fẹ́ pè. A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú òun pàápàá. Láti ọjọ́ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ yìí pè mọ́. Ohùn tí a kọ́ nítorí kí ènìyàn lè gbọ́ wa yé kì í sọnù bí èyí tí a kọ́ nítorí ìdánwò.

Àwọn mìíràn yóò ní wọn yóò ba àṣà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bi àṣà fúnra rẹ̀. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Ẹnu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá àti bàbá tirẹ̀ ni yóò pè, oore tí wọ́n ṣe òun ni yóò sì ròyìn. Ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, fi hàn wá pé àwọn tí wọ́n mọ ìjálá a máa tako ẹni tí ó bá ṣì í sun, wọn a sì tún un ṣe. Ẹni náà ti lanu ná kí wọ́n tó tọ́ ọ sọ́nà. Wọn kò pa á lẹ́nu mọ́ nítorí pé ó lè ṣìṣe.

Ààlà wà ṣá. Oríkì orílẹ̀ ni a jogún. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀ kan kò gbọdọ̀ jókòó hùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó burú bí ó bá ki ìyá tirẹ̀, tí ó pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀?

Ní 1936, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń mójútó ẹ̀kọ́ ṣe ìdíje ìwé kíkọ. D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ilé-ìwé, gbé ìtàn kan kalẹ̀. Ní 1938 ìtàn náà jáde tí ó ń jẹ́ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Èmi kò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò di Fágúnwà. Ọmọ Òkè-Igbó ni òun, Yorùbá ni ó fi là ohùn. Ohun tí mo ń wí ni pé bí ó bá jẹ́ àròkọ lórí àṣà ọdẹ ni ó kọ, ta ni ìbá máa kà á lónìí?

Ìmọ̀ràn mi kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fetí sí àlọ́ tàbí oríkì lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ó kọ́ díẹ̀ sórí. Kí ó yí ibì kan padà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó ṣe tirẹ̀, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn elédè, kì í ṣe olùkọ́ nìkan. Bí a bá ń bèèrè bí a óò ti fún un ní máàkì, ẹ wo bóyá ó pa òfin àlọ́ mọ́, bóyá ohùn orí ọ̀rọ̀ tọ́, àti bóyá àwọn tí ó gbọ́ mọ ohun tí wọn yóò fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ti ka dùndún, bàtá àti gángan fún wọn tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wọn ní kọ̀ǹgọ́.