Má Ṣe Jẹ́ Àlejò Nínú Ọkọ̀ Ara Rẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi mẹkáníìkì. Ẹ kà á tán ná kí ẹ tó bínú.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: ẹni tó bá ní alùpùpù tàbí ọkọ̀, tí kò mọ bí a ṣe ń yẹ ọ́ìlì wò, tí kò mọ ọjọ́ orí táyà rẹ̀, tí kò lè tú búji kan ṣoṣo kó sì wò ó, àlejò ni nínú ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà. Àlejò kì í sì í mọ ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ jẹ.

Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé, a mọ moteur à quatre temps dáadáa lórí pátákó. Admission, compression, explosion, échappement: a ń kà á bí ẹni ń ka àdúrà. A lè ya àwòrán piston, ká sì kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ soupape. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá kú mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Pobè sí Kétu, tí oòrùn ń pa wá, a ó dúró bí òpó. A ó máa retí ọmọ iṣẹ́ kan tí kò ka ìwé mẹ́fà tán kó wá gbà wá. Nínú àwa àti ọmọ náà, ta ló mọ̀wé?

Wọ́n ti jẹ́ ká gbà pé ọwọ́ mímọ́ ni àmì ẹni tó kàwé. «Mẹ̀tírì, ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ yín.» Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ọṣẹ a máa ṣí gírísì kúrò lọ́wọ́. Kò sí ọṣẹ tó ń ṣí gbèsè.

Ẹ gbọ́ èyí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé alùpùpù rẹ̀ lọ sí ibì kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ń kú ségesège, kò sì lágbára mọ́ bó bá dé orí òkè. Wọ́n ní carburateur ló bàjẹ́. Ó san 18.000 faransi. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí àìsàn náà fi padà. Nígbà tí a jọ ṣí ilé filtre à air rẹ̀, eruku pupa tó wà níbẹ̀ tó ẹ̀fọ́ í gbìn. Búji dúdú bí ìdí ìkòkò. Filtre tuntun àti búji tuntun, gbogbo rẹ̀ kò tó 5.000. Láti ọjọ́ náà, kò kú mọ́. Èmi kò sọ pé olè ni ẹni tó gba 18.000 yẹn. Ó lè jẹ́ pé òun náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó kò ní ọ̀nà kankan láti fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Búji a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tó gbẹ, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ara ẹ́ńjìnì dá. Bí ó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Lọ wo filtre kí o tó fọwọ́ kan carburateur. Bí ó bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Èyí ti di iṣẹ́ ọ̀gá. Bí ó bá funfun bí eérú, ẹ́ńjìnì ń gbóná jù, tàbí epo kò tó o. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo èyí. Kí ló dé tí a fi ń ṣe é ní awo?

Ẹ jẹ́ ká dé orí táyà, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra táyà àlòkù tó ti Yúróòpù wá. Wọ́n á nù ún, wọ́n á fi nǹkan dúdú pa á lára, a ó sì rò pé tuntun ni. Lọ wo ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ, wá lẹ́tà mẹ́ta yìí: DOT. Ní ìparí ìlà náà, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 3514, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Bí o kò bá rí nọ́ńbà náà lápá ìta, ó lè wà lápá inú. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, táyà náà ti wà ṣáájú ọdún 2000: sá fún un. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Tún wo inú kòtò ojú táyà náà: òkìtì kékeré wà níbẹ̀. Bí ojú táyà bá ti bá òkìtì yẹn dọ́gba, ó ku milimítà 1,6, ibẹ̀ sì ni òfin Yúróòpù ti ní kí wọ́n bọ́ ọ sọnù. Àwọn tó bọ́ ọ sọnù mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa la ń fi owó wa ra á, tí a sì ń kó ìyàwó àti ọmọ lé e lórí, láti Ṣábẹ dé Kùtọnu.

Ó lè sọ pé, «Mẹ̀tírì, ibo la ó ti kọ́ ọ?» Lọ́dọ̀ àwọn tó ní irú ọkọ̀ tí o ní.

Àwọn òyìnbó kò fi èyí ṣeré. Láti ọdún 1946 ni wọ́n ti ń tẹ Revue Technique Automobile jáde ní ilẹ̀ Faransé, ìwé tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ lójú ẹni, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Haynes bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1966: tú ọkọ̀ náà, tò ó padà, ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹni tó wà nílé lè ṣe é. Lónìí, àwọn tó ní ọkọ̀ kan náà ń fi fóònù ya fídíò ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ń bi ara wọn léèrè, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ̀ tí o rà ní Kùtọnu lè ti Jámánì wá, kí ìwé rẹ̀ jẹ́ èdè Jámánì, tàbí kó má ní ìwé rárá. Ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ti bá ìṣòro rẹ pàdé ṣáájú rẹ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi ń sọ ọ́? Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi ti kan àwa fúnra wa. Peugeot 504 kọ́kọ́ jáde ní 1968. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Àwọn bàbá wa fi bâchée rẹ̀ kó àgbàdo, iṣu àti ènìyàn lójú ọ̀nà tí kò ṣeé rìn. Wọ́n mọ ohùn tí ẹ́ńjìnì yẹn ń ké kó tó bàjẹ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi okùn àti rọ́bà ṣe títí wọn fi délé. Mélòó nínú ọ̀rọ̀ wọn la gbà sílẹ̀? Bí àgbà awakọ̀ kan bá kú ní Kétu, gbogbo ohun tó mọ̀ bá a lọ. Lọ́la ọmọ rẹ̀ á lọ máa wá ohun kan náà lẹ́nu ará Bẹ́ljíọ̀mù.

Àwọn kan á ní èdè wa kò ní orúkọ fún nǹkan wọ̀nyí. Ẹ wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kankan ní Àjàṣẹ́, ẹ dúró fún wákàtí kan, ẹ wá sọ fún mi èdè tí wọ́n fi ń tú ẹ́ńjìnì níbẹ̀. Àwa ń pè é ní búji, àwọn ará Ìbàdàn ń pè é ní púlọ́ọ̀gì, iná kan náà ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èdè náà lè ṣe é. Àwa tó kàwé la kò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. Ìyá tó mọ bí a ṣe ń fọ egbò ọmọ rẹ̀ kò ti ilé ìwòsàn pa. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kò níí pàdánù ohunkóhun lọ́dọ̀ oníbàárà tó lajú. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ á tètè gbé ọkọ̀ wá kó tó bàjẹ́ tán, á sì lè sọ ibi tó ń dun ọkọ̀ náà. Ẹni tí yóò pàdánù ni ẹni tó ń jẹ lára àìmọ̀ wa. Kí n sì sọ ọ́ síbí: ọ̀gá tó gba owó lọ́wọ́ òbí, tó fi ọmọ iṣẹ́ sẹ́nu gbígbá ilẹ̀ àti ìránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tó ń yí ẹ̀yìn sí i bó bá dé ibi tí iṣẹ́ gbé wà, ọmọ yẹn ló ń rẹ́ jẹ, ìlú náà sì ni pẹ̀lú.

Mo gbà pé ìmọ̀ àbọ̀ léwu. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ààlà. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé cric nìkan ló gbé e dúró, láéláé. Má ṣí ìdérí radíétọ̀ nígbà tó gbóná. Má fọwọ́ kan airbag. Ìjánu àti courroie de distribution, ọ̀gá ni kó ṣe é; tìrẹ ni kí o mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì béèrè kí wọ́n fi ti àtijọ́ hàn ọ́.

Ọkọ̀ ìgbàlódé pàápàá kò di awo. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ ilé ní ihò OBD-II. Yúróòpù tẹ̀lé e ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Ihò náà wà lábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń di mú. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ènìyàn mẹ́wàá lè dá owó rà yóò ka ohun tí ọkọ̀ ń sọ sórí fóònù. Bí ó bá kọ P0300, iná kò jó déédéé nínú ẹ́ńjìnì. Kò sọ fún ọ pé kí o lọ ra nǹkan. Ibi tí o máa kọ́kọ́ wò ló sọ fún ọ.

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa la mọ bí kpayo ṣe di. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ń mu epo. Filtre tó kún fún eruku ọyẹ́ ń mu epo. Owó ìwé ọmọ wa ni wọ́n ń mu.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí àwọn tó ní irú ọkọ̀ kan náà ní ìlú kọ̀ọ̀kan máa pàdé ní Sátidé kan lóṣù. Kí wọ́n pe ọ̀gá kan tó lawọ́, kí wọ́n san owó àárọ̀ rẹ̀ fún un. Kí ọ̀dọ́ kan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá. Kí ẹni tí wọ́n bá gbà nímọ̀ràn padà wá ròyìn, ìbáà ṣiṣẹ́, ìbáà má ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la ti ń mọ òótọ́ yàtọ̀ sí àròsọ. Kí àwa olùkọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́la, kí o tó gbé ọkọ̀ jáde, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wá nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà rẹ, kí o kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí kí gbogbo wa rí i. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ọ̀rọ̀ mi bí nínú, ẹ wá fèsì. Yorùbá ni kí ẹ fi fèsì o.