Àpótí Tí Ó Dúró Láàárín Ọmọdé àti Iná

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá bẹ̀rẹ̀ sí ná Ìbàdàn. Ní ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun, tí ọ̀nà irin rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí. Ọmọ Ìjẹmọ̀ tí ó bá rí ọkọ̀ náà bí ó ti ń kọjá yóò délé, yóò to agolo mélòó kan tẹ̀ lé ara wọn, yóò fi okùn so wọ́n pọ̀, yóò sì máa fi ẹnu dún bí fèrè. Eré dáradára ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìṣeré mìíràn wà tí kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ni ó ń fà á bí kò ṣe iná mànàmáná. Bí irú rẹ̀ bá bá ẹrù tòkunbọ̀ dé ilé kan, ọkọ̀ náà ni gbogbo ojú yóò máa wò. Àpótí wúwo tí ó bá a wá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1900 ni Joshua Lionel Cowen dá ilé-iṣẹ́ Lionel sílẹ̀ ní New York. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Frank Hornby ní Liverpool gbé ọkọ̀ ìṣeré oníná rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1925. Iná ilé gan-an ni wọ́n fi ń gbé e rìn. Gílóòbù kan ni wọ́n fi dín agbára rẹ̀ kù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò yẹ lórí irin tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kàn. Wọ́n pa á tì, wọ́n sì yà sí iná tí kò ju 20 fólítì lọ. Ohun tí ó ń sọ iná ńlá di iná kékeré yìí ni à ń pè ní tiransífọ́mà.

Ìmọ̀ tí a fi ṣe é ti wà láti ọdún 1831, nígbà tí Michael Faraday fi hàn pé iná tí ó ń yí padà nínú wáyà kan lè gbé iná dìde nínú wáyà mìíràn tí kò fara kàn án. A wé wáyà bàbà méjì mọ́ irin kan. Ọ̀kan ń gba iná ògiri, èkejì ń fún ọkọ̀ ní tirẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá yí irin náà ká ní ìgbà 20 fún ìgbà kan tí èkejì yí i, 240 fólítì yóò di 12. Wáyà méjèèjì kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn rárá. Fáníìṣì àti bébà tí a fi là wọ́n ni odi tí ó dáàbò bo ọmọ. Bí odi yìí bá wó, kò tún sí ohun kan tí ó kù láàárín ọmọ náà àti iná ilé.

Èrò méjì ni àwọn ènìyàn máa ń ní nípa irú àpótí bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pẹ́, èrò méjèèjì ni ó sì lòdì. Àwọn kan ní kí a sọ ọ́ nù nítorí ó ti gbó. Wọn kò rò ó dáadáa. Irin àti bàbà tí ó wà ní ibi gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́. Rọ́bà tí a fi bo wáyà púlọ́ọ̀gì ni ó ń gbẹ, tí ó ń sán, tí ó sì ń já bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Wáyà tuntun kan lè mú ohun tí a ṣe ní ọdún 1950 padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó sọ ọ́ nù sọ ohun rere àti ẹ̀kọ́ rere nù lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kejì ni ó léwu jù. Wọn a ní, “Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́, kí ni a tún ń wá?” Pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ kò ní pé kò lè pani. Tiransífọ́mà tí a ṣe fún 120 fólítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá kì í bọ iná tiwa, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbóná, tí yóò sì jóná. Àfi kí tiransífọ́mà mìíràn kọ́kọ́ sọ iná ilé di 120 fún un. Bákan náà ni ẹni tí fíúsì rẹ̀ já, tí ó sì fi wáyà lásán dí ojú rẹ̀: ó ti pa olùṣọ́ kí olè tó dé. Ohun kan sì tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Tiransífọ́mà a máa ṣiṣẹ́ síwájú, a sì máa ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. Bí a bá so méjì mọ́ irin ọkọ̀ kan náà, tí a sì yọ ọ̀kan kúrò lára ògiri, iná kékeré èkejì lè gba inú rẹ̀ padà di iná ńlá lórí ẹnu púlọ́ọ̀gì tí ọmọ dì mọ́wọ́.

Àtúnṣe ni ó tọ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò yọ ọ́ kúrò lára iná kí ó tó tú u. Yóò ka fólítì tí a kọ sí i lára, yóò pààrọ̀ wáyà tí ó sán, yóò sì fi mítà wádìí bóyá wáyà inú kò fara kan páànù àpótí náà. Bí wáyà inú bá ti jóná, yóò gbé e fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwé wáyà. Bí kò bá sì rí ẹni tí yóò ṣe é, yóò gbé e sí apá kan láìtijú. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́: ọkọ̀ ni ti ọmọdé, àpótí ni ti àgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré lásán ni èyí. Nígbà tí tiransífọ́mà àdúgbò bá bàjẹ́, tí òkùnkùn bo gbogbo ilé, àwọn ará àdúgbò a máa dá owó jọ, wọn a sì máa wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Irin kan náà ni, wáyà méjì kan náà ni. Títóbi nìkan ni ó fi ju ti ọmọdé lọ. Ọmọ tí a kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún èyí tí ó kéré, tí a sì fi bí a ti ń tún un ṣe hàn án láìfi ohunkóhun dí ojú fíúsì, ni a lè gbé èyí tí ó tóbi lé lọ́wọ́ lọ́la.