Bí Olórí Tuntun Bá Gorí Àlééfà: Kí Ni Ojúṣe Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí?

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í yí padà ní ilẹ̀ yìí láti ìgbà ọba kan dé ìgbà ọba mìíràn, ìyẹn ni bí ará ìlú ṣe ń pàdé olórí tuntun. Kí ẹni náà tó jókòó, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, apá kan ti ń lùlù, wọ́n ní ìyà tán. Apá kejì ti káwọ́ lérí, wọ́n ní ayé bàjẹ́. Bí ènìyàn bá bi apá méjèèjì léèrè ìdí, wọn kò ní sọ ohun tí olórí náà ti ṣe tàbí ohun tí ó ní òun yóò ṣe. Orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti bóyá ó ń kírun tàbí kì í kírun ni wọn yóò sọ.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere ni ti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó ní ọdún 2023. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yà ni ó ti di ará ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wáyé ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977. Ìjọba kan náà ni ó kọ́ ọgbà Trade Fair sí ẹ̀bá òpópónà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977 bákan náà. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ASPAMDA, àti ẹgbẹ́ oníṣòwò Balógun, BBA, kó wọ inú ọgbà náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà ńlá. Ọmọ Ìgbò pọ̀ nínú àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá, Hausa àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń rà, tí wọ́n jọ ń tà, tí wọ́n sì jọ ń ru ẹrù.

Nígbà ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti ẹgbẹ́ APC, tí ó ti ṣe gómìnà Èkó láti 1999 sí 2007, ní 572,606. Ìyàtọ̀ kò tó ẹgbàárùn-ún. Ṣùgbọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè, Tinúbú ni ó borí pẹ̀lú ìbò 8,794,726, àjọ INEC sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Nígbà tí ó di ìdìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù náà, Babájídé Sanwó-Olú wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí INEC mọ̀ ní Èkó, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin nìkan ni ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ojú ẹ̀yà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ìbò. Wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn olùdìbò ní àwọn ibùdó kan nítorí èdè tí wọ́n ń sọ tàbí ìrísí ojú wọn. Àwọn tí wọ́n bí sí Èkó, tí wọ́n kàwé ní Èkó, gbọ́ ọ̀rọ̀ àjèjì létí. Àwọn tí ó ń tajà fún ara wọn láwìn ní ọdún púpọ̀ wá ń wo ara wọn bí ọ̀tá.

Ẹ̀sìn ni ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé. Mùsùlùmí ni Tinúbú, Mùsùlùmí ni Kashim Shettima, igbákejì rẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi orílẹ̀-èdè lé ẹ̀sìn kan lọ́wọ́. Àwọn Mùsùlùmí kan ní tiwọn gbà pé ìgbà Mùsùlùmí ti dé. Àwọn méjèèjì gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, nígbà tí M.K.O. Abíọ́lá àti Babagana Kingibe, Mùsùlùmí méjì, jọ díje, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì jọ dìbò fún wọn láti Gúúsù dé Àríwá. Kí Mùsùlùmí yọ̀ pé ẹni tí ó ń kírun dé ipò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá yọ̀ nítorí orúkọ yóò tijú láti sọ òótọ́ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá yàtọ̀ sí orúkọ.

Ọjọ́ ìdánwò kò sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nínú ọ̀rọ̀ tí ààrẹ tuntun sọ lẹ́yìn ìbúra, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ìlà ọkọ̀ gùn ní ilé epo lọ́gán. Láàárín ọjọ́ méjì, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń ta ní iye tí kò tó ₦200 fún lítà kan di ₦488 ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó. Ní àárín oṣù Kẹfà, wọ́n jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ Toyota, Nissan àti Honda tí ó kún Trade Fair. Ẹni tí ó lùlù ní oṣù Kẹta àti ẹni tí ó sunkún ní oṣù Kẹta jọ san owó ọkọ̀ kan náà láti Mile 2 sí Trade Fair. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ojú ti ará ìlú ni èyí: ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Kí ìdìbò tó dé ni Tinúbú, Atiku Abubakar àti Peter Obi, àwọn mẹ́ta tí ó léwájú, ti sọ pé àwọn yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ó di dandan, nítorí pé owó náà ń jẹ àpò ìjọba run. Àwọn mìíràn sọ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pèsè ohun tí yóò dín ìnira kù. Àríyànjiyàn tí ó yẹ kí ó gba gbogbo ẹnu nìyẹn. Báwo ni wọn yóò ṣe yọ ọ́? Nígbà wo? Kí ni yóò bá tálákà? Ṣùgbọ́n bí àwọn olùdíje ti ń sọ ohun tí yóò kan ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ilé, ìlú ń jà lórí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ta ni.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Shehu Shagari ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985 tí Ibrahim Babangida gbapò lọ́wọ́ Muhammadu Buhari, wọ́n tún yọ̀. Ìjọba Babangida náà ni ó fagi lé ìbò Abíọ́lá ní 1993. Nígbà tí Buhari padà wọlé nípa ìbò ní 2015, ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Àbújá láti bá a yọ̀. Kí ọdún mẹ́jọ tó pé, ìkùnsínú ti rọ́pò ìlù.

Àwọn ará Japan, níbi tí ọkọ̀ Toyota ti ṣẹ̀ wá, náà mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí Suga Yoshihide di olórí ìjọba wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìwádìí àwọn oníròyìn fi hàn pé ó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí àrùn kòrónà ti tán wọn ní sùúrù, iye náà ti já sí nǹkan bí ìdajì, kò sì díje mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Takaichi Sanae di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Àwọn kan yọ̀ nítorí pé obìnrin ni. Àwọn obìnrin kan níbẹ̀ sì sọ pé ohun tí ó bá ṣe fún obìnrin ni àwọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni ti àwọn wọ̀nyí.

Ìsìláàmù kò fi ọ̀rọ̀ olórí sílẹ̀ láìlànà. Nígbà tí Ànábì jáde láyé ní ọdún 632, àwọn ará Mẹ̀dínà àti àwọn tí ó wá láti Mẹ́kà kọ́kọ́ jiyàn lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí, kí wọ́n tó fọwọ́ sí Abu Bakr. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá ìjọ sọ, kò béèrè oríkì. Ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ bí òun bá ṣe dáadáa, kí wọ́n sì tọ́ òun sọ́nà bí òun bá ṣìnà. Bí irú Sàhábà bẹ́ẹ̀ bá lè sọ èyí, èwo wá ni ti olóṣèlú òde òní tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá wí nítorí pé ó ń gbààwẹ̀? Suratu Nisai, ẹsẹ̀ 135, pa á láṣẹ láti jẹ́rìí òdodo, ìbáà tako ẹbí ẹni: ìkìlọ̀ ni fún ẹni tí ó fẹ́ràn olórí. Suratu Maida, ẹsẹ̀ 8, kọ̀ kí ìkórìíra sọ onígbàgbọ́ di aláìṣòdodo: ìkìlọ̀ ni fún ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun kan kù. Ní 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 93 ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé INEC. Àwọn tí ó dìbò fún ààrẹ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Ní ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ti ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn tí ó jáde tún kéré gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sún mọ́ ojú ọ̀nà àti gọ́tà àdúgbò jù lọ. Àwọn tí ń pariwo pọ̀ ju àwọn tí ń dìbò lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọdún 2027 ni ìdìbò gbogbogbòò tí ó tẹ̀ lé ti 2023. Ẹ fi etí sí ohun tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ní òun yóò ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wádìí ìròyìn kí ẹ tó tàn án kálẹ̀. Bí olórí tuntun bá dé, ẹ yìn ín níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, ẹ bá a wí níbi tí kò bá dára, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú yín. Bí èsì ìdìbò bá sì jáde, ẹ kí aládùúgbò yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹ ti ń kí i tẹ́lẹ̀, nítorí pé òun ni ẹ ó jọ tò sí ìlà ilé epo.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olórí ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó sì fún ará ìlú ní ojú tí yóò fi rí òótọ́ àti ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Àmín.