Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Ìpáàrà

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irin kì í bá omi ṣọ̀rẹ́ pẹ́. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti jọ kan páìpù onírin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ìpáàrà á máa ga nínú rẹ̀ títí ọ̀nà omi yóò fi há. Nígbà tó bá yá, páìpù á lu. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, inú gọ́tà ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ gbà kọjá. Bí ẹ̀rọ tó ń ti omi bá ti dákẹ́, ẹ̀gbin gọ́tà á gba ojú ihò náà wọlé, ó di inú ife ọmọ.

Àwọn kan ní kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i, pé gbogbo irin ní í dógùn-ún. Èmi kò gbà. Ẹ wo ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, nítorí àtidín ìnáwó kù, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò Flint fún ìlú. Omi yìí ń jẹ irin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọn kò fi èròjà tí ń dáàbò bo inú páìpù sí i. Òjé, tí í ṣe májèlé fún ọpọlọ ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara páìpù àtijọ́ yọ́ sínú omi. Àwọn ará ìlú rọ omi tó pọ́n sínú ìgò, wọ́n gbé e lọ síwájú aláṣẹ. Wọ́n ní kò séwu. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé iṣẹ́ General Motors kọ omi yìí nítorí pé ó ń jẹ irin ẹ́ńjìnnì wọn. Odidi ọdún kan sí i ló kọjá kí wọ́n tó dá omi àtijọ́ padà fún àwọn ọmọ ìlú. Ṣé irin ọkọ̀ wá níyì ju ọmọ ènìyàn lọ ni?

Ìpáàrà kò fọwọ́ síwèé. Ènìyàn ló fọwọ́ sí i.

“Owó dà?” ni wọn yóò bi wá. Owó tí a kò ná sórí páìpù, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á, tòun ti èlé. Àwọn mìíràn ní kí oníkálukú gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Tálákà ńkọ́? À ń kékeré pẹ̀ka ìrókò: kí ìjọba máa pààrọ̀ páìpù àtijọ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Kí wọ́n máa yẹ omi wò lẹ́nu ẹ̀rọ inú ilé wa, kì í ṣe ní ilé iṣẹ́ omi nìkan, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa béèrè rẹ̀. Àwa ọmọ là ń mu omi náà.