Àjọwá, Ta Ló Ń Gbohùn Àwọn Àgbà Sílẹ̀?

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà sọ ọ́. Orúkọ náà bá a mu. Àpótí ń sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Èkó, ará Àkókó jókòó sílé tirẹ̀, ó ń gbọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí lòun náà rí sí i.

Ayé ti yí o. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé gírámà lè fi fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ṣe ètò tirẹ̀, kí ẹni tó wà ní Ìkàrẹ́, ẹni tó wà ní Èkó àti ẹni tó wà ní London sì gbọ́ ọ. Podcast ni wọ́n ń pè é. Ní 2004 ni orúkọ náà jáde, ara iPod ni wọ́n ti fà á yọ, ìyẹn ẹ̀rọ orin tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní 2001. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó dẹ́rù bà yín. Ètò rédíò náà ni, àfi pé kò ní aago kan pàtó. Wọ́n á gbohùn sílẹ̀, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ á tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá wù ú, ì báà jẹ́ lóru.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ rédíò NPR dá ìdíje podcast sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní 2019, àwọn ọmọ Elizabethton, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ló gbégbá orókè láàárín àwọn ilé-ìwé gírámà. Kí ni wọ́n sọ? Wọn ò sọ̀rọ̀ New York, wọn ò sọ̀rọ̀ ààrẹ. Ìtàn erin kan ni wọ́n sọ, Mary lorúkọ rẹ̀, erin tí wọ́n fi ń ṣeré kiri. Ó pa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ni wọ́n bá so ó rọ̀ títí tó fi kú ní Erwin, ìlú kan nítòsí wọn, ní 1916. Ìtàn ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n fi gba ẹ̀bùn.

OHUN TÓ WÀ NÍ ÀJỌWÁ

Tó bá jẹ́ ti ìtàn ni, kí ni Elizabethton ní tí Àjọwá-Àkókó ò ní? Orúkọ ìlú náà gan-an, ìtàn ni. A jọ wá. Àwọn ìlú kéékèèké tí kálukú wà láyè ọ̀tọ̀ ló kó ara wọn jọ sójú kan. Ùrò wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀ wà níbẹ̀, Dája, Ẹ̀fìfà àtàwọn mìíràn. Wọ́n jọ ń sọ Yorùbá lọ́jà àti nílé-ìwé, ṣùgbọ́n èdè ilé wà lọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ka ti Ùrò àti ti Ọ̀jọ̀ mọ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú ti Àrìgìdì, Erúṣú, Ọ̀yín àti Ìgáṣí. Ará Ìbàdàn tó bá jókòó tì wọ́n, á kàn máa wo ẹnu ni.

Ewu ibẹ̀ kò fara sin. Ìyá àgbà á sọ̀rọ̀ lédè ilé, ọmọ á fi Yorùbá dá a lóhùn, ọmọ-ọmọ á fi òyìnbó ti Èkó dá a lóhùn. Ìran mẹ́ta péré, èdè ti bọ́ sọnù.

Ẹ wo Ìkákùmọ̀, tóun náà wà ní Àkókó. Onímọ̀ èdè kan, Sophie Salffner, ló kẹ́kọ̀ọ́ lórí èdè Ìkáàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, tó sì fi í gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì SOAS ní London ní 2009. Ohùn àwọn ará ìlú tó gbà sílẹ̀ wà ní ilé ìpamọ́ èdè tó ń jẹ́ ELAR. London ni ELAR wà tẹ́lẹ̀, ní 2021 wọ́n gbé e lọ sí Berlin. Iṣẹ́ ńlá ni obìnrin náà ṣe, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé: àlejò rìn láti òkè òkun wá gbohùn bàbá sílẹ̀. Ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́ bàbá náà lójoojúmọ́ ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìjọba ni yóò ṣe é. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní òyìnbó ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn. Bí kíláàsì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èdè ilé, láíbìrì ṣì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀.

ÌDÍ TÓ FI JẸ́ LÁÍBÌRÌ

Àwọn òbí kan á ní: "Fóònù? Fóònù tó ń ba ọmọ jẹ́ náà?" Wọn ò jẹ̀bi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi tọ́ sí láíbìrì. Fóònù kan ṣoṣo ni, ti láíbìrì, kì í ṣe ti ọmọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń sùn, ọwọ́ tísà láíbìrì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọmọ tó bá fẹ́ lò ó á fọwọ́ sí rẹ́jísítà bí ẹni yá ìwé, á dá a padà lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un.

Iṣẹ́ láíbìrì kò sì tán síbẹ̀. Orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, àdúgbò rẹ̀, èdè tó fi sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti ọmọ tó gbà á sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á kọ sínú ìwé. Ẹ̀dà kan á wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan á wà níbòmíràn, nítorí olè àti iná. Bí wọn ò bá mọ bí wọ́n ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin kò jìnnà, Àkùngbá níbẹ̀ ló wà, wọ́n sì ń kọ́ni nímọ̀ èdè níbẹ̀.

Owó rẹ̀ kò pa èèyàn. Ètò oníṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi mp3 tó mọ níwọ̀n pamọ́ kò ju nǹkan bíi MB 5 lọ. Káàdì mẹ́mórì GB 32 kan á gba irú rẹ̀ 6,000. Audacity, tí wọ́n fi ń gé ohùn tí wọ́n fi ń so ó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège, kí wọ́n gbé ètò náà sí sípíkà lásẹ́ḿbílì.

Kí wọ́n pa fáànù. Kí wọ́n jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù kí ẹnikẹ́ni má baà pè já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Kí fóònù má jìnnà sẹ́nu ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Yàrá tó ní kọ́tìnnì àti ìwé dára ju yàrá òfìfo lọ, nítorí ògiri lásán máa ń dá ohùn padà.

Ká wá sọ pé ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà kan lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ kú ilé o, màmá. Láíbìrì ilé-ìwé wa ló rán mi. Wọ́n ní kí n bi yín bí ẹ ṣe ń pe iṣu, àgbàdo àti òjò lédè ilé yìí."

"Ìwọ ọmọ yìí! Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ ni?"

"Wọn ò kọ́ mi, mà. Wọ́n ní àwọn náà ò gbọ́ ọ délẹ̀."

Màmá á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́. Á wá ní: "Jókòó. Tan nǹkan ẹ yẹn."

Podcast ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ TÓ LÈ DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Níbi tí ìlú púpọ̀ ti di ọ̀kan, ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló fún ta nílẹ̀, ta ló yẹ kó ṣáájú, ọ̀rọ̀ tó lè dé kóòtù ni. Kí ọmọ ilé-ìwé má ṣe dájọ́. Kó sọ pé: "Bàbá báyìí, láti àdúgbò báyìí, ló sọ báyìí." Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n gba tẹnu òun. Kí wọ́n sì gbé e fún àgbà náà gbọ́ kó tó jáde. Bó bá ní, "Ẹ yọ ibẹ̀ yẹn kúrò," kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tó jẹ́ awo, awo ni.

Ìwé tó bá ya, wọ́n lè tún un tẹ̀. Àgbà tó bá lọ, ó lọ tòun tohùn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń ra kọ́ọ̀pù bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé wọn, kí wọ́n ra fóònù kan kún un lọ́dún yìí, kí wọ́n gbé e fún tísà láíbìrì. Ẹni tó bá sì ti dán an wò, ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà tàbí níbi yòówù, kó kọ bó ṣe rí ránṣẹ́. Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.