Ẹni Tí Ó Ní Ọkọ̀ Kò Gbọdọ̀ Ṣàjèjì sí Ìjánu Rẹ̀

Ní ayé àtijọ́, agẹṣin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gorí gàárì kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjánu wò. Ó mọ̀ pé ẹṣin tí ó mọ eré sá ṣùgbọ́n tí kò ṣeé dá dúró, ikú ni ó gùn. Lónìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti gba ipò ẹṣin, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ń wà á ni kò fojú kan ìjánu ọkọ̀ wọn rí. Wọ́n mọ iye epo tí ó ń mu, wọ́n sì mọ bí a ti ń fọ̀ ọ́ kí ó máa dán. Ṣùgbọ́n bí bíréèkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í han, ńṣe ni wọn a yí ohùn rédíò sókè kí etí wọn má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Ó tó àsìkò kí irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ dópin. Pípààrọ̀ páàdì àti dísìkì bíréèkì iwájú kì í ṣe awo. Ẹni tí ó ní sùúrù, tí ó sì ní irinṣẹ́ tí ó yẹ, lè ṣe é níwájú ilé rẹ̀ láàárín ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n dé ibi tí yóò fi lè dúró ti mẹkáníìkì, kí ó sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà pé tàbí kò pé.

Dísìkì ni irin pẹrẹsẹ roboto tí ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Páàdì méjì ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Kálípà ni ó sì ń fún wọn mọ́ dísìkì nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Bí wọ́n ti ń ha ara wọn ni eré ọkọ̀ ń di ooru, tí ọkọ̀ fi ń dúró. Frederick Lanchester, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú ìjánu yìí ní 1902, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kò kàn títí di 1953, nígbà tí ọkọ̀ Jaguar tí ó lò ó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ní dísìkì níwájú. Kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà rárá.

Bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ a tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, bíréèkì iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí eré ọkọ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, láti 50 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹrù tí bíréèkì yóò gbé a di ìlọ́po mẹ́rin. Kí ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti àpò gàrí ṣe ìṣirò yìí dáadáa.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ṣíṣọ́ owó ná lọ́nà tí kò lérè. Èkíní ni kí a fi páàdì tuntun sórí dísìkì tí ó ti jẹ, tí ó ti là ní poro bí ebè. Ara dísìkì gan-an tàbí ìwé ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù sí. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kò tún ní àtúnṣe mọ́ àfi kí a sọ ọ́ nù. Èkejì ni kí a pààrọ̀ ti ẹsẹ̀ kan kí a fi ti èkejì sílẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa fà sí apá kan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ojú ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni yóò sì fi ìwà náà hàn. Ẹ̀kẹta ni páàdì tòkunbọ̀. Ẹni tí ó ra páàdì àlòkù kò mọ ooru tí ó ti jẹ tàbí epo tí ó ti mu.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ilẹ̀ títẹ́jú tí ó le ni ó ń fẹ́. Bíréèkì ọwọ́ wà lóòótọ́, síbẹ̀ kí a fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, kí a sì dẹ nọ́ọ̀tì nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún gbígbé e dúró. Orí ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún un ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lé. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé lè fọ́ lójijì láìfi àmì kankan hàn, ẹni tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ kò sì ní ráyè yọ ọ́.

Bí a bá tú kálípà, wáyà ni kí a fi so ó rọ̀, kí ó má baà fì lórí họ́ọ̀sì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀, nítorí pé àwọn páàdì kan ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí a fi rin ín, kí a sì fi àkísà nù ún. Kí a ha ìpẹtà kúrò lójú ibi tí dísìkì ń jókòó sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ bíréèkì yóò máa gbọ̀n. Dísìkì tuntun a máa ní òróró tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì nù ún gbẹ. Bí a bá ń ti písítìnì padà, kí a máa wo agolo epo bíréèkì, nítorí pé yóò gòkè, bí ó bá sì dà sára ọkọ̀, yóò bó ọ̀dà rẹ̀. Ẹ̀kán gíríìsì kan lójú páàdì ti tó láti bà á jẹ́.

Ohun tí ó léwu jù ni èyí tí ó rọrùn jù láti gbàgbé. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ yóò lọ sílẹ̀ gbọọrọ bí ẹni pé kò sí bíréèkì. Kí a tẹ̀ ẹ́ léraléra títí yóò fi le lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá ọ̀nà tí kò lérò, kí a sáré dé nǹkan bí 50, kí a dín in kù díẹ̀díẹ̀ dé 10, ní bí ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí páàdì àti dísìkì lè mọ ara wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé irú ìmọ̀ràn yìí ń gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí epo bá ń jò, bí họ́ọ̀sì bá ti sán, bí písítìnì bá kọ̀ láti padà, bí iná bíréèkì bá ń tàn nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ṣẹ́ ni kí a gbé e lọ, kí a sì sanwó rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mẹkáníìkì olóòótọ́ kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù lọ́wọ́ oníbàárà tí ó lajú. Ẹni tí ìmọ̀ yìí yóò pa lára ni ẹni tí ó gba owó páàdì tuntun tí ó sì fi àlòkù há a.

Láti 1988 ni Nàìjíríà ti ní Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, kíkọ̀ bíréèkì sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ìbá dára bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ bá lè máa tú táyà kan sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó fojú rí páàdì tí ó gbó àti èyí tí kò gbó, kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn baba ńlá awakọ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé irin kì í ṣe ohun ìṣeré, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bọ Ògún. Àwọn mìíràn ń kírun, àwọn mìíràn sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára, ṣùgbọ́n páàdì tí ó ti jẹ tán kò mọ ẹ̀sìn. Ọmọ tí ó ń sọdá títì láti ra búrẹ́dì kò mọ ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ bọ̀, kò sì lè yẹ bíréèkì onítọ̀hún wò. Awakọ̀ nìkan ni ó lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò, àfi kí ó tètè ṣe é kí ó tó kúrò nílé.